Orí Keje: Ewu àti Èrè Ìdókòwò Lórí Ìwé-Gbèsè Ilé

Èròńgbà orí yìí

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(i) ṣàlàyé ohun tí ìwé-gbèsè ilé jẹ́, àti ọ̀nà tí owó onílé ń gbà dé ọwọ́ ẹni tó dókòwò lé e;
(ii) dárúkọ àwọn ewu tó rọ̀ mọ́ ọn, pàápàá ní Abuja, kí ó sì sọ ẹni tó ń ru ewu kọ̀ọ̀kan;
(iii) ṣírò èrè tòótọ́ àti èrè tí a lè retí;
(iv) fi ìṣirò náà pinnu bóyá iye tí wọ́n ń ta ìwé-gbèsè kan bá ewu inú rẹ̀ mu.

7.1 Kí ni ìwé-gbèsè ilé?

Nígbà tí òṣìṣẹ́ kan bá yá owó ní báńkì láti fi ra ilé ní Lugbe tàbí Gwarinpa ní Abuja, ìwé méjì ló máa ń fọwọ́ sí. Nínú ìwé kìn-ín-ní, ó ṣèlérí pé òun yóò san owó náà padà pẹ̀lú èlé, iye báyìí lóṣooṣù, fún ọdún báyìí. Nínú èkejì, ó fi ilé náà ṣe ìdógò, ìyẹn dúkìá tí ayánilówó lè gbà bí onígbèsè kò bá san. Àpapọ̀ ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé méjèèjì ni a ń pè ní ìwé-gbèsè ilé nínú orí yìí. Bí onígbèsè bá kùnà, ètò tí ayánilówó yóò fi gba ilé náà, tí yóò tà á, tí yóò sì yọ owó rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ni ìgbẹ́sẹ̀lé.

Ìwé yìí ṣeé tà, ìdí nìyẹn tí àwọn olówó fi ń wá a. Báńkì tó yáni lówó kò ní láti fi ọgbọ̀n ọdún dúró de owó rẹ̀. Ó lè ta ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn, kí ó gba owó lónìí, kí ó sì yá oníbàárà tuntun. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó rà á ni owó oṣooṣù yóò máa wọlé fún, ewu àìsan gbèsè náà sì ti di tirẹ̀.

Irú òwò yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìgbèríko kòkó, àgbẹ̀ tí owó há mọ́ lọ́wọ́ a máa fi oko kòkó rẹ̀ dógò, olówó a sì máa kórè ibẹ̀ títí àgbẹ̀ yóò fi san gbèsè rẹ̀. Bí iye kòkó bá gòkè, olówó jèrè. Bí àrùn bá mú igi, tàbí bí iye kòkó bá já wálẹ̀, òun ló forí fá a.

7.2 Ọ̀nà tí owó ń gbà ní Nàìjíríà

Ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan ṣoṣo lè ra ìwé-gbèsè ilé kan ṣoṣo lọ́wọ́ báńkì. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Níbí, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí iléeṣẹ́ kan kó gbèsè ilé púpọ̀ jọ, kí ó sì ta bọ́ǹdì lé wọn lórí. Bọ́ǹdì ni ìwé tí iléeṣẹ́ tàbí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú, tí yóò máa san èlé lé lórí títí ọjọ́ tí yóò dá ojú owó padà. Iléeṣẹ́ méjì tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ló ní olú-iléeṣẹ́ ní Abuja.

Federal Mortgage Bank of Nigeria, tí a mọ̀ sí FMBN, ló dàgbà jù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1956 pẹ̀lú orúkọ Nigerian Building Society, ó sì di FMBN ní 1977. Òun ló ń ṣàkóso àpò owó ilé tí òfin 1992 dá sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún (2.5%) owó oṣù rẹ̀ sí. Olùdáwó lè yá owó níbẹ̀ ní èlé 6%, kí ó sì san án fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń ta àwọn ilé rẹ̀ ní Abuja fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú wọn, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní owó lọ́wọ́, FMBN bẹ̀rẹ̀ sí í ta bọ́ǹdì ní 2007 kí ó lè yá wọn lówó. Gbèsè àwọn olùrà ilé yìí ni ìpìlẹ̀ bọ́ǹdì náà.

Èkejì ni Nigeria Mortgage Refinance Company, NMRC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013 nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, pẹ̀lú owó tí Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà. NMRC kì í yá onílé lówó fúnra rẹ̀. Àwọn báńkì tó ń yáni lówó ilé ló ń bá ṣòwò: yóò fi owó bọ́ǹdì dípò owó tí wọ́n ti yá àwọn onílé, kí ọwọ́ wọn lè tú. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì wà lára àwọn tó ń ra irú bọ́ǹdì yìí. Nípa bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ NMRC rí lè jẹ́ olùdókòwò nínú gbèsè ilé ẹlòmíràn láìmọ̀.

7.3 Bọ́ǹdì mẹ́ta, onídùúró kan

Onídùúró ni ẹni tó ṣèlérí láti san gbèsè bí onígbèsè kò bá san án. Ìjọba àpapọ̀ ló ṣe onídùúró fún bọ́ǹdì mẹ́ta tí NMRC kọ́kọ́ tà.

*Àtẹ 7.1: Bọ́ǹdì mẹ́ta àkọ́kọ́ ti NMRC*

| Bọ́ǹdì | Ọdún títà | Bílíọ̀nù náírà | Èlé lọ́dún | Ọdún ìparí |
|---|---|---|---|---|
| Kìn-ín-ní | 2015 | 8 | 14.9% | 2030 |
| Ìkejì | 2018 | 11 | 13.8% | 2033 |
| Ìkẹta | 2020 | 10 | 7.2% | 2030 |

Iléeṣẹ́ kan náà ló tà wọ́n, onídùúró kan náà ló sì wà lẹ́yìn wọn. Síbẹ̀, ẹni tó ra ti 2015 àti ẹni tó ra ti 2020 kò jẹ èrè kan náà. Kí a tó mọ ohun tó fà á, a ní láti ya èlé orí ìwé, ìyẹn iye tí bọ́ǹdì sọ pé òun yóò san, sọ́tọ̀ kúrò lára èrè tòótọ́, ìyẹn ohun tó kù lẹ́yìn tí ọ̀wọ́ngógó ọjà bá ti jẹ tirẹ̀:

Èrè tòótọ́ = (1 + èlé orí ìwé) ÷ (1 + ọ̀wọ́ngógó) − 1

*Àpẹẹrẹ 1.* Ní oṣù Keje 2015, ọ̀wọ́ngógó wà ní 9.2%. Èrè tòótọ́ bọ́ǹdì kìn-ín-ní nígbà náà ni 1.149 ÷ 1.092 − 1, ìyẹn nǹkan bí 5.2%. Ní oṣù Kọkànlá 2020, ọ̀wọ́ngógó ti dé 14.89%. Ti bọ́ǹdì kẹta jẹ́ 1.072 ÷ 1.1489 − 1, ìyẹn òfò nǹkan bí 6.7%. Ọjọ́ tí wọ́n ra bọ́ǹdì kẹta gan-an ni agbára owó wọn ti ń dín kù.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè bèèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni fi rà á. Ní oṣù Kẹwàá 2019, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ti ìlẹ̀kùn apá kan ọjà ìwé ìyáwó rẹ̀ mọ́ àwọn iléeṣẹ́ abẹ́lé, títí kan àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Owó tí wọ́n ní lọ́wọ́ wá pọ̀ ju ibi tí wọ́n lè fi í sí lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá 2020, ìwé ìyáwó ọlọ́dún kan ti ìjọba kò san tó 1% mọ́. Lójú ẹni tí kò rí ju 1% lọ níbòmíràn, 7.2% dára. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ wọn èrè pẹ̀lú ohun tí ọjà ń san lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nígbà tó jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá ni owó náà yóò fi há síbẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2024, kí NBS, àjọ tó ń ṣírò ọ̀wọ́ngógó ní Nàìjíríà, tó yí ìlànà ìṣirò rẹ̀ padà, ọ̀wọ́ngógó dé 34.80%. Bí a bá fi ìwọ̀n yìí ṣírò, bọ́ǹdì 14.9% pàápàá pàdánù nǹkan bí 14.8%, ti 7.2% sì pàdánù 20.5%.

Ẹni tó bá fẹ́ ta bọ́ǹdì náà kó tó parí yóò tún kojú ewu èlé. Bí èlé inú ọjà bá gòkè, iye bọ́ǹdì àtijọ́ yóò já wálẹ̀, torí kò sí ẹni tí yóò ra 7.2% ní iye kíkún nígbà tí bọ́ǹdì tuntun ń san ìlọ́po méjì rẹ̀. CBN gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti 11.5% ní 2020 lọ sí 27.5% nígbà tí 2024 fi ń parí.

*Àpẹẹrẹ 2.* Ká ní bọ́ǹdì 1,000 náírà kan ń san 7.2%, ó ku ọdún márùn-ún kó parí, ọjà sì ń bèèrè 18%. Iye èlé ọdún márùn-ún náà lónìí ni 72 × 3.127, ìyẹn 225 náírà. Iye ojú owó rẹ̀ lónìí ni 1,000 ÷ 1.18⁵, ìyẹn 437 náírà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 662 náírà. Kò sí onígbèsè tó kùnà, kò sí ilé tó wó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tà á lónìí ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀.

Onídùúró ń dúró fún gbèsè. Kò dúró fún ọjà. Ìpolówó bọ́ǹdì kì í sábà tẹnu mọ́ èyí.

7.4 Ewu ìdógò: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Abuja

Ẹni tó bá ra ìwé-gbèsè láìsí onídùúró, tàbí tó yá ènìyàn lówó lórí ilé fúnra rẹ̀, ìdógò nìkan ni ààbò rẹ̀. Ó ní láti mọ̀ bóyá ìdógò náà yóò dúró níwájú adájọ́.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, abala 22, kọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ fi í dógò láìgba àṣẹ gómìnà. Abuja kò ní gómìnà. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ láti 1976, Mínísítà olú-ìlú ló sì ń fún ni ní àṣẹ.

Ẹjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé ni ti Savannah Bank àti Ajilo, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní 1989. Wọ́n fi ilé dógò lọ́dọ̀ báńkì fún owó tí iléeṣẹ́ kan yá. Nígbà tí báńkì fẹ́ ta ilé náà ní gbàǹjo, ẹni tó fi í dógò gba ilé-ẹjọ́ lọ, ó ní wọn kò gba àṣẹ gómìnà. Ilé-ẹjọ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì sọ ìwé ìdógò náà di òfo. Ẹni tó fi ilé náà dógò fúnra rẹ̀ ló tún fi àìgba àṣẹ gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries àti Chinukwe, Ilé-ẹjọ́ kan náà rọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀: ó ní àdéhùn tí a ṣe kí àṣẹ tó jáde kò lòdì sófin, ṣùgbọ́n kò tíì pé títí àṣẹ yóò fi dé. Fún olùdókòwò, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò yí padà: ìwé tí kò ní àṣẹ Mínísítà lára kò tíì jẹ́ ìdógò pípé.

Àṣẹ nìkan kò tó. Ní oṣù Kẹta 2025, ìjọba olú-ìlú kéde pé òun ti gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ 4,794 padà nítorí owó ilẹ̀ ọdọọdún tí àwọn onílẹ̀ kò san. Ilẹ̀ olówó iyebíye wà nínú wọn, ní Maitama, Asokoro, Wuse àti Garki. Ìjọba padà fún wọn láyè ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù Karùn-ún kí wọ́n lè san gbèsè wọn. Ẹni tó di C of O (ìwé-ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ilẹ̀) irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bí ìdógò lè jí lọ́jọ́ kan kí ó rí i pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun kò ju ìwé lásán lọ, bẹ́ẹ̀ onígbèsè rẹ̀ kò tíì kùnà láti san kọ́bọ̀ kan. Nítorí náà, rísíìtì owó ilẹ̀ ọdọọdún wà lára ohun tó yẹ kí ó bèèrè kí ó tó san owó.

Oríṣi ìwé méjì mìíràn tún wà tó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ilé nínú ẹ́sítéètì àwọn akọ́lé-tà, lẹ́tà ìpín láti ọwọ́ akọ́lé nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. C of O gbogbo ilẹ̀ náà wà lórúkọ akọ́lé. Àwọn mìíràn mú ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn dání, tí kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ AGIS, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó tó fi yá ènìyàn lówó títí àyẹ̀wò ní AGIS yóò fi jáde.

7.5 Àwọn ewu tó kù

Ewu àìsan ni pé kí onígbèsè má lè san mọ́. Ọ̀nà tí a ń gbà wọ̀n ọ́n ni kí a fi owó oṣooṣù gbèsè wé owó tó ń wọlé fún onígbèsè. Mílíọ̀nù 10 náírà ní èlé 6% fún ọdún 30 jẹ́ nǹkan bí 59,955 náírà lóṣù. Iye kan náà ní 25% fún ọdún 20 jẹ́ nǹkan bí 209,800. Bí ayánilówó bá tẹ̀lé ìlànà pé gbèsè kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù, ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa gba nǹkan bí 180,000, ẹni kejì nǹkan bí 630,000. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láti 2024 jẹ́ 70,000. Èlé gíga tó ń wu olùdókòwò, òun kan náà ló ń mú kí onígbèsè tètè kùnà.

Ewu iléeṣẹ́ ni pé kí báńkì tó wà láàárín ṣubú. Ní oṣù Kejìlá 2025, CBN gba ìwé àṣẹ Aso Savings and Loans, báńkì ẹ̀yáwó ilé tó fìdí kalẹ̀ sí Abuja. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, àjọ NDIC ń dáàbò bo owó tí oníbàárà fi pamọ́ dé mílíọ̀nù 2 náírà. Ẹni tó ní ìpín nínú báńkì náà kò ní irú ààbò yìí.

Ewu àìtètè-di-owó kò gba àlàyé púpọ̀: bọ́ǹdì NMRC kì í yí ọwọ́ bíi ti ìjọba, ìwé-gbèsè ẹnì kan ṣoṣo sì lè má rí olùrà rárá.

Ewu kan lè fa òmíràn: ní Amẹ́ríkà ní 2008, ewu àìsan ló kọ́kọ́ bẹ́, lẹ́yìn tí àwọn báńkì ti yá àwọn tí owó wọn kò tó lówó, tí wọ́n sì ta gbèsè náà fún gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba gba àkóso Fannie Mae àti Freddie Mac. Bíi ti NMRC, iṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì ni láti fi owó ọjà gbé àwọn báńkì tó ń yáni lówó ilé ró.

7.6 Ìṣirò èrè tí a lè retí

Èrè tí a lè retí ni èrè tí a rí lẹ́yìn tí a bá ti fi ìṣeéṣe àìsan kún ìṣirò.

*Àpẹẹrẹ 3.* Wọ́n ń ta ìwé-gbèsè kan ní mílíọ̀nù 10. Bí onígbèsè bá san, yóò di mílíọ̀nù 12 lópin ọdún, èyí tó jẹ́ 20%. Ká gbà pé nínú irú onígbèsè mẹ́wàá, ẹnì kan máa ń kùnà, àti pé ìgbẹ́sẹ̀lé lórí ilé rẹ̀ yóò mú mílíọ̀nù 6 wá lẹ́yìn owó agbẹjọ́rò.

(0.9 × 12) + (0.1 × 6) = mílíọ̀nù 11.4

Èrè tí a lè retí jẹ́ 14%, kì í ṣe 20%. Bí ìwé ìyáwó ìjọba bá ń san 16%, ewu ńlá ni olùdókòwò yìí ń ru láti fi gba èrè tó kéré sí ti ẹni tí kò ru ewu. Kí èrè tí a lè retí tó lè dé 20%, iye tó yẹ kó san ni 11.4 ÷ 1.2, ìyẹn mílíọ̀nù 9.5.

Ìṣirò yìí ṣì ń ṣojúure sí ilé-ẹjọ́, torí ó gbà pé ìgbẹ́sẹ̀lé yóò parí láàárín ọdún kan. Ká ní ẹjọ́ náà fa ọdún mẹ́ta sí i. Mílíọ̀nù 6 tí yóò dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta náà, ní 16%, kò ju mílíọ̀nù 3.84 lọ. Àpapọ̀ yóò di mílíọ̀nù 11.18, èrè yóò sì já sí nǹkan bí 11.8%. Ẹjọ́ tó pẹ́ jẹ ohun tó ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó ìdókòwò náà lọ, bẹ́ẹ̀ onígbèsè kan péré nínú mẹ́wàá ló kùnà.

7.7 Kókó orí yìí

- Ìdógò ń dín òfò kù bí onígbèsè bá kùnà; onídùúró ń sanwó dípò rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń dá ọ̀wọ́ngógó dúró.
- Ní Abuja, àṣẹ Mínísítà, àkọsílẹ̀ AGIS àti rísíìtì owó ilẹ̀ ló ń sọ bóyá ìdógò wà lóòótọ́.
- Èlé orí ìwé gbọ́dọ̀ di èrè tòótọ́ àti èrè tí a lè retí kí a tó fi í wé ti ìwé ìyáwó ìjọba.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdógò àti onídùúró, pẹ̀lú àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan láti inú orí yìí.
2. Èwo ni ìjọba kò ṣe onídùúró fún nínú bọ́ǹdì kìn-ín-ní NMRC? (a) èlé ọdọọdún (b) ojú owó (d) agbára owó náà nínú ọjà.
3. Ní oṣù Kìíní 2025, lẹ́yìn tí NBS yí ìlànà ìṣirò rẹ̀ padà, ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 24.48%. Ṣírò èrè tòótọ́ bọ́ǹdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú Àtẹ 7.1 ní oṣù náà.
4. Tún Àpẹẹrẹ 3 ṣe bí ẹni méjì nínú mẹ́wàá bá kùnà. Èló ló yẹ kí wọ́n ta ìwé-gbèsè náà kí èrè tí a lè retí tó jẹ́ 18%?
5. Fi ìdájọ́ 1989 wé ti 1995 lórí àṣẹ ìdógò. Kọ ohun tí báńkì gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó gbé owó sílẹ̀ fún oníbàárà tó ń ra ilé ní Kubwa.
6. Ọ̀rẹ́ rẹ mú ìwé kan wá. Wọ́n ní yóò jèrè 30% lọ́dún lórí ilé kan ní Lokogoma, lẹ́tà ìpín láti ọwọ́ akọ́lé sì ni ìdógò rẹ̀. Kọ ìbéèrè márùn-ún tó yẹ kí ó rí ìdáhùn sí kí ó tó sanwó, kí o sì sọ ewu tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń wá.
7. *Iṣẹ́ ẹgbẹ́.* Ẹ wá ìròyìn ọdọọdún báńkì ẹ̀yáwó ilé kan tí ìpín rẹ̀ wà ní ọjà ìdókòwò Nàìjíríà. Ẹ wo apá tó sọ̀rọ̀ nípa gbèsè tí àwọn oníbàárà kò san mọ́, kí ẹ fi wé ti ọdún tó ṣáájú, kí ẹ sì kọ ojú ewé méjì lórí bóyá èrè tí báńkì náà pín fún onípìn-ín bá ewu inú gbèsè rẹ̀ mu.